Lẹ́tà sí Olóòtú: Ilé Àtúnṣe Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kí Òbí Wọlé

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé tí à ń kó ọmọ tó ya pòókíì lọ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan ń pè é ní rìháàbù, àwọn mìíràn ń pè é ní ilé àtúnṣe, ẹ̀yìn ilé aláàfáà tàbí orí òkè àdúrà sì ni òmíràn wà. Púpọ̀ nínú wọn ní òfin kan tí wọ́n máa ń kà sí òbí létí lọ́jọ́ tó bá mú ọmọ wá: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ò gbọdọ̀ wá wò ó. Wọ́n á ní bí ọmọ bá ń rí ìyá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò ní kúrò nílé, iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe lára rẹ̀ ò sì ní jẹ́. Òbí á mi orí, á sanwó, á máa lọ. Òfin yẹn gan-an ni mo ń bá jà.

Mi ò bá òbí jà o. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì mọ ohun tójú àwọn ìyá ń rí. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó ìyá rẹ̀ lẹ́nu ní JS2, kó tó dé SS2, ó ti ń fa kólorádò. Á ta fóònù ìyá rẹ̀, á ta jẹnẹrétọ̀, á kó owó àjọ. Bí wọ́n bá pe ọlọ́pàá, owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ní àgọ́, wọ́n sì lè ti ọmọ mọ́lé pẹ̀lú àwọn adigunjalè. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH, ará ilé á ní ṣé ó ti ya wèrè ni, ta ló wá máa fẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́la? Nígbà tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ẹgbẹ́ àsàlátù bá wá sọ pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń tún irú wọn ṣe, irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ ládùúgbò wa, aṣọ ló ń tà ní Gbági. Mi ò ní dárúkọ ibi tó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọmọ lè bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí sípíkà ni fóònù máa ń wà, ẹnì kan á sì dúró ti ọmọ. “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo wà dáadáa mà. Wọ́n ń tọ́jú wa dáadáa mà.” Obìnrin náà ní “mà” yẹn ló já òun láyà, torí “Màámi” ni ọmọ náà ń pe òun láti kékeré, kò sì sígbà tó máa pe òun tí kò ní béèrè ohun tí òun sè. Ó lọ síbẹ̀ láìsọ fún wọn, wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì. Ó tún mú àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà dání, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àpá ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún àpá kòbókò. Ohun tí mò ń rò láti ìgbà náà ni ti àwọn ìyá tí kò ní sójà nínú ẹbí.

Ẹni tó bá ní àsọdùn ni mò ń sọ, kó rántí Ọ̀jọ̀ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ ọgbà mọ́ṣáláṣí kan níbẹ̀, wọ́n sì kó ènìyàn 259 jáde, àtọkùnrin, àtobìnrin, àtọmọdé. Ìgboro Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀ọ́ o, ọkọ̀ Mọ́níyà àti ti Ọ̀yọ́ ń gba ibẹ̀ kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Kó tó dìgbà náà, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti tú àwọn tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Rigasa, ní Kàdúná. Agbẹnusọ ọlọ́pàá ibẹ̀ sọ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gba òbí láyè láti wá, ibi tí wọ́n bá sì yà sọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí ọmọ, wọn kì í dé inú ilé. Àwọn òbí kan pohùn réré ẹkún nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí ojú ọmọ wọn ti rí. Oṣù mẹ́ta ní Kàdúná, oṣù mẹ́ta ní Ìbàdàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àjọ Human Rights Watch, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, dé ibi 28 tí wọ́n ti ń gba àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá láàrin ọdún 2018 sí 2019. Wọ́n bá ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ nílé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá a nílé àwọn aláàfáà àti nílé oníṣègùn ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá ò yọ sílẹ̀.

Àwọn tó ni ilé náà á ní bí àwọn ò bá so ọmọ mọ́lẹ̀, á sá. Lóòótọ́, ó lè sá. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rò pé ó ń ṣe é? Kẹ́míkà tí wọ́n fọ́n sórí ewé ni kólorádò. Nígbà tó bá ń kúrò lára ẹni tó ti mọ́ lára, onítọ̀hún kì í rí oorun sùn, á máa làágùn, á máa gbọ̀n, inú á máa bí i láìnídìí, gìrì sì lè gbé òmíràn. Kòbókò kọ́ ni wọ́n fi ń wo gìrì. Àwọn àgbàlagbà máa ń sọ fún mi pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo gbà. Mo na ọmọ ní kíláàsì nígbà tí wọ́n ṣì fún wa láyè, mi ò sì fẹ́ ṣe bí ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n mi ò so ọmọ kankan mọ́lẹ̀ rí, ìyá wọn sì lè yọjú sí kíláàsì mi nígbàkigbà.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé àwa gan-an la kọ́ ayé ní ọ̀nà tó dára jù. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aro, ní Abẹ́òkúta. Kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sáàárín ènìyàn. Aláìsàn tó bá wá gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ kan dání tí yóò máa sè fún un, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé ẹbí wà lára oògùn. Lambo yìí náà ló padà wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn níhìn-ín. Kí ló wá dé tí àwọn ilé tòní fi ń lé ìyá padà lẹ́nu géètì?

Ní Amẹ́ríkà náà, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀, owó ńlá sì ni òbí ń san. Paris Hilton tí gbogbo ayé mọ̀ wà nínú ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ Utah nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló ṣáájú àwọn tó pariwo rẹ̀. Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin kan lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024, àmọ́ ìwádìí ni òfin yẹn pàṣẹ jù, kò ti ilé kankan pa. Ti Utah fúnra rẹ̀ ló wù mí jù. Láti 2021, òfin wọn ní ọmọ gbọ́dọ̀ bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tí yóò máa tẹ́tí sí i, kí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba sì máa wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún.

A ò ṣaláìní òfin níhìn-ín. Láti 2006 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tirẹ̀, òfin yẹn kò sì gbà kí wọ́n dá ọmọdé lóró. Ní oṣù Kínní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò ti 1958. Ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ni kò sí. Kí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti àwùjọ ní Sẹkiteríàtì Àgodi tẹ orúkọ gbogbo ilé tó gba ìwé àṣẹ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn òṣìṣẹ́ wẹlifíà máa yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n mú dókítà dání, kí wọ́n sì bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Ìjòkòdó, ní ilé àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìjọba fúnra rẹ̀, kí ẹnu wọn lè gbà á.

Títí dìgbà náà, ìyá tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kó sọ fún wọn kó tó san kọ́bọ̀ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun á sì wọ yàrá tí ọmọ òun ń sùn. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, kó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n jọ máa bọ̀. UCH ní àwọn dókítà tó jẹ́ pé ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ nìkan ni iṣẹ́ wọn, Yunifásítì Ìbàdàn sì ń kọ́ àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn níṣẹ́ náà. Ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀, ará ilé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó máa sọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.