Pápá gọ́ọ̀fù tí mẹ̀kúnnù lè san owó rẹ̀, ìgbà wo ló máa dé Ìkòròdú?

Olóòtú,

"Mẹ́ńbà wo lẹ bá wá?" Ohun tí máìgádì kan bi mí ní géètì ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan nìyẹn ní Sátidé tó kọjá, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Láti Ìta-Ẹlẹ́wà ni mo ti gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù mi jáde. Kọ̀ńdọ́ dánfó gba owó ẹrù lórí rẹ̀, ó ní ó ti gba àyè èèyàn kan. Mo san án. Mo fara da sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Mile 12. Ìgbà tí mo wá débẹ̀, wọ́n ní àfi kí mẹ́ńbà kan mú mi wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n lọ gba fọ́ọ̀mù. Ẹ má bi mí pé èló ni fọ́ọ̀mù náà. Mo ti rò pé ilé ni wọ́n fẹ́ tà fún mi.

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ yẹn, torí àwọn kọ́ ni mo ń bá wí. Ọgbà tiwọn ni, ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún. Àwọn tó ń gbowó orí lọ́wọ́ wa ni mo ń bá wí. Ikoyi Club, tó ní pápá gọ́ọ̀fù, ti wà láti 1938, ó tiẹ̀ fi ọdún náà jẹ́ orúkọ. Ìkẹjà ní tirẹ̀ ní GRA. Lakowe wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wọn ló rẹwà, koríko wọn tutù yọ̀yọ̀. Èwo nínú wọn wá ni ti mẹ̀kúnnù? Ìkòròdú ńlá yìí, ìjọba ò ṣe pápá gọ́ọ̀fù kan síbẹ̀ tí èèyàn lè rìn wọ̀, kó san ìwọ̀nba owó, kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, kó sì máa lọ sílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa fi mí rẹ́rìn-ín: ẹni tí títì ò dára dé àdúgbò rẹ̀ ló ń bèèrè gọ́ọ̀fù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣé nítorí títì tí kò dára la ṣe fagi lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀? Kádì ni mí nígbà èwe mi, ìyẹn ẹni tó ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ní ọjọ́ Ajé, tí àwọn ọ̀gá kì í wá, wọ́n máa ń yọ̀ǹda pápá fún àwa náà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà lónìí, nídìí kádì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó o bá ń ru àpò olówó, o lè wọlé. Ọjọ́ tó o bá ní àpò tìrẹ, wọ́n á bi ọ́ pé ta lo bá wá. Kí ni ká ti pe ìyẹn?

Ẹ má sì sọ fún mi pé bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Ní New York, pápá Van Cortlandt ní Bronx ti wà fún gbogbo ará ìlú láti 1895, ìlú ló ni ín. Ní Edinburgh, èèyàn lè gbá gọ́ọ̀fù oníhò kúkúrú ní Bruntsfield Links láìsan kọ́bọ̀, láàárín ìgboro. Tiger Woods fúnra rẹ̀, Heartwell ní Long Beach, pápá kékeré tí ẹnikẹ́ni lè sanwó wọ̀, ló ti ń gbá nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn ọ̀gá wa ń lọ sí gbogbo ìlú wọ̀nyí, bàtà àti aṣọ ni wọ́n ń rà bọ̀.

Wọ́n á ní kò sí owó, kò sí ilẹ̀. Pápá oníhò 18 lè gba éékà 150, òótọ́ ni. Ta ló bèèrè ihò 18? Ihò 9 péré ni mo ń wí, àwọn kúkúrú tí èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré kó sì dé ìdí àsíá tó wà nínú ihò. Éékà 20 sí 30 tó o. Ilẹ̀ LASUSTECH ní Ìkòròdú níbí, tí a mọ̀ sí LASPOTECH kó tó di yunifásítì ní 2022, fẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi koríko pápá náà kọ́ṣẹ́.

Ní ti ojú ihò, ibi koríko kúkúrú tó yí ihò ká, tó jẹ́ pé òun ló ń jẹ owó jù torí omi, ajílẹ̀ àti ẹ̀rọ ìgékoríko, ẹ jẹ́ ká padà sí ohun táwọn àgbà kádì mọ̀ sí browns. Yanrìn ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀ dípò koríko, wọ́n á da ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ ọn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ti bọ́ọ̀lù wọ ihò á kọ́kọ́ fi igi gbọọrọ wọ́ yanrìn náà kó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ pápá Nàìjíríà ló lò ó fún ọdún gbọọrọ. Kò gba omi, kò gba ajílẹ̀. (Ọ́ìlì táwọn mẹkáníìkì wa ń dà sí gọ́tà lójoojúmọ́ ńkọ́?)

Ní ti owó, kó má ju owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ láti Ìkòròdú sí Mile 12 lọ. Kí ará Ìkòròdú san dín sí àlejò, kí ọmọ iléèwé má san nǹkan kan lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí ọ̀pá wà tí wọ́n á máa yá àwọn tí kò ní. Kí a sì gba àwọn ọmọ àdúgbò ṣe kádì, kí wọ́n máa rówó díẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni náà lè ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọdé ní ọjọ́ Ajé. Badagry àti Ẹ̀pẹ́ náà ń dúró de pápá tí mẹ̀kúnnù lè wọ̀.

Ṣùgbọ́n pápá ìjọba ni mo ń bèèrè jù, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi èèyàn ní géètì pé ta ló bá wá. Àwa kádì àtijọ́ ò kéré ní Ìkòròdú. A ṣetán láti fọwọ́ ara wa gbẹ́ ihò, ká sì tẹ́ yanrìn, láìgba owó iṣẹ́. Kí alága kánsù tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fi ilẹ̀ han wá.

Kádì àtijọ́,
Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú