Lẹ́tà sí Dáre lórí géèmù ìbọn inú fóònù rẹ̀

Kàbà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Dáre ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Ara wa le nílé. Bàbá rẹ ti lọ wo kajú lóko, ó ní yóò so lọ́dún yìí bí ọyẹ́ kò bá pa òdòdó rẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti ń retí lẹ́tà yìí láti ọjọ́ tí o ti wọ mọ́tò padà sí Lókọ́ja. O mọ̀ mí. Bí mi ò bá jà lójú ẹsẹ̀, mo ń ṣírò ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì Kérésì, ago mọ́kànlá ti kọjá, álàátì wọlé sórí fóònù mi: ₦750. Kò pẹ́, ₦1,500. Lẹ́yìn náà, ₦3,800. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ₦7,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦13,550, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú 16 lọ. Mo ní olè ti wọ inú àpò mi. Mo ti káàdì pa. Ọjọ́ tí báńkì ṣí, mo lọ tò sórí ìlà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo sì sanwó káàdì tuntun. Ìwọ lo bá mi tò. O ra omi tútù fún mi, o tún bá mi ṣépè fún olè náà. Ọjọ́ tí o lọ tán ni Ṣọlá àbúrò rẹ tú àṣírí, ó ní ìbọn lo rà. Ìbọn kẹ̀? Nínú ilé èmi! Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó yé mi pé inú fóònù ni ìbọn náà wà.

Mi ò lè bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mi ò fojú ara mi rí, nítorí náà mo ní kí Ṣọlá gbé e sórí fóònù mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ta á, ní kíóskì POS mi, láàárín oníbàárà kan sí òmíràn. Ẹnìkan tó wá gba ₦5,000 dúró tì mí títí mo fi kú.

Kí n sọ òótọ́, ẹni tó ṣe nǹkan yìí mọṣẹ́. Mo ní kí Ṣọlá bá mi wá ìtàn rẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n gbé Call of Duty: Mobile jáde. Iléeṣẹ́ TiMi, ọmọ ilé Tencent ní Ṣáínà, ló kọ́ ọ. Activision ní Amẹ́ríkà ló ni orúkọ náà. Ní 2023, Microsoft ra Activision ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 dọ́là. Ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń pín géèmù náà fún ẹni tó bá fẹ́. Ta ló ń san irú owó yẹn nítorí ohun ọ̀fẹ́? Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìró rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Fi íàpíìsì sétí, wàá gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá kí o tó rí i, wàá mọ̀ bóyá òsì ló wà tàbí ọ̀tún. Bàbá rẹ gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, ó fi sétí rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ó ti ṣọdẹ rí. Kò wo ojú fóònù rárá, ó kàn dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Kí n tó yíjú, wọ́n ti pa mí. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

Nínú oríṣi ìjà tó wà níbẹ̀, Search and Destroy ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, àwọn kan ń gbé bọ́ǹbù lọ, àwọn yòókù ń ṣọ́ ibẹ̀. Bí o bá kú, o ti kú nìyẹn títí ìpele yẹn yóò fi parí. Wàá jókòó máa wo àwọn tìrẹ. Ó rán mi létí àáró. Bí ẹnìkan bá gbé ọkọ́ rẹ̀ gba ibi tó wù ú lọ, ebè kò ní parí lọ́jọ́ yẹn, gbogbo yín ni yóò sì mọ ẹni tó fà á. Níbi ìkórè ìjọ wa tó kọjá, ìwọ lo pín àwọn ọmọkùnrin sí ẹnu ọ̀nà, ìdí àga àti ìdí oúnjẹ, o ń pè wọ́n lórúkọ, o ń sọ fún wọn ẹni tó ń bọ̀. Ṣọlá ní bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú géèmù gan-an nìyẹn. Mo gbà, ó kọ́ ọ ní nǹkan. (Èyí tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ń já bọ́ láti inú bàálù, mi ò lè sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ojú mi pòòyì, mo jáde.)

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tí ohùn rẹ̀ kò tíì ki, bú ìyá mi sí mi létí nítorí mo jẹ́ kí bọ́ǹbù bú. Ìyá mi tó ti lọ sùn láti ọdún méjìlá! Ṣọlá sáré pa ohùn náà. Mo bi í bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń bú èmi náà bí ìwọ bá ṣe àṣìṣe. Kò dá mi lóhùn. Dáre, pa ohùn gbogbo ẹni tí o kò bá mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni kó o máa bá ta.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọjà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ta á, ènìyàn mọ́kàndínlógún ni mo pa. Mo dìde, mo jó. Ṣọlá ní kí n rọra, bọ́ọ̀tì ló pọ̀ nínú wọn: kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn, wọ́n ń fi wọ́n síwájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí ó lè rò pé òun mọ̀ ọ́n ta. Èmi tí mo ta gàrí lọ́jà Kàbà fún ọdún mẹ́sàn-án kí POS tó dé, èènì ni èyí o! Ẹni tó bu èènì gègèrè sí i fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹwàá ló ń wò.

Ọjọ́ kẹwàá rẹ ni lucky draw, ibi tí ẹ ti ń sanwó fa nǹkan láìmọ ohun tí yóò jáde. Mo jókòó tì í bí ẹni ń wo ìwé gbèsè. Nǹkan mẹ́wàá ló wà nínú àwo, ìbọn tó ń dán yẹn sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Fífà àkọ́kọ́, owó kékeré. Ìkejì lé sí i, ìkẹta lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gùn bí àkàbà. Èyí tí o bá ti mú kò ní padà wá, nítorí náà yóò máa ṣe ọ́ bíi pé o ń sún mọ́ ìbọn náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àǹfààní àtirí i kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ti sanwó mẹ́fà, ṣé yóò fẹ́ fi mẹ́rin tó kù sílẹ̀? Padà lọ wo álàátì mi: 750, 1,500, 3,800, 7,500. Àkàbà náà nìyẹn. Ṣọlá ní owó mẹ́rin yẹn gbé ọ dé fífà kẹfà, ibẹ̀ lo dúró sí, páráṣúùtì kan, ọ̀bẹ kan àti àwọn àwòrán kéékèèké ni o kó wálé. Ìbọn ṣì wà nínú àwo. Kàlòkàlò ni, wọ́n kàn kùn ún ní ọ̀dà ni. Ká tiẹ̀ ní o rí i, aṣọ ni wọ́n wọ̀ fún un. Ìbọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tí kò san kọ́bọ̀ náà ní in.

Àti CP yẹn, owó inú géèmù tí ẹ ń fi náírà rà kí ẹ tó lè fa nǹkan kan. Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kó o fi náírà sanwó tààrà? O mọ ohun tí ₦7,500 lè rà nílé oúnjẹ ní Lókọ́ja. O ò mọ ohun tí CP lè rà níbikíbi. Owó tí kò bá ti jọ owó mọ́, ọwọ́ kì í wúwo láti ná an.

Ní 2021, ìjọba Ṣáínà pàṣẹ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ, ago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ní Jímọ̀, Sátidé, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ibi tí wọ́n ti din àkàrà náà gan-an nìyẹn, wọ́n ń kà á fún ọmọ tiwọn. Ìwọ ti pé ogún ọdún, òfin wọn kò kàn ọ́. Ó kan Ṣọlá, mo sì ti mú un lò nílé yìí.

Mi ò ní kó o pa géèmù náà rẹ́. Mi ò tún sọ pé o ti ya wèrè rẹ̀: o ń jẹun, o ń sùn, èsì ìdánwò rẹ kò burú. Káàdì mi lo kò ní rí mọ́. ₦13,550 àti owó káàdì tuntun, ìsinmi Àjíǹde ni wàá fi san án, lábẹ́ igi kajú bàbá rẹ, garawa kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tí o fi bá mi tò ní báńkì, tí o ń ṣépè fún ara rẹ létí mi, ojúkojú la ó ti sọ ọ́. Mi ò kọ ọ́ síwèé.

Mo ti rán dírẹ́bà sí ọ: gàrí, iṣu mẹ́ta, ìgò epo kan. Lọ gbà á ní páàkì lọ́la kí ó tó di ago méjì, kó má baà fi í sílẹ̀ nínú oòrùn. Ṣọlá ní kí n sọ fún ọ pé mo ti dé ipò Veteran nínú géèmù náà. Lálẹ́ Sátidé, ago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, èmi, òun àti àwọn ọmọ méjì ti ìyá aláṣọ ni yóò wọlé. Ó ku ẹnì kan.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.