Ẹ Wá Ẹni Tí Yóò Máa Ṣílẹ̀kùn Kí Ẹ Tó Kó Ìwé Jọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Houston, ní London, ní Toronto, àti ẹ̀yin tó wà ní Èkó àti Àbújá, okun o.

Wọ́n ka lẹ́tà yín sí wa létí ní ìpàdé ìlú. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa gba ìwé ọmọdé tí àwọn ọmọ òyìnbó ti kà tán, kí ẹ kó wọn ránṣẹ́ wálé, kí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa lè ní ilé ìkàwé. Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà nílẹ̀ Ìjùmú àti Yàgbà. Mo mọ ohun tí ìwé ìtàn kan ṣoṣo ń ṣe fún ọmọ tí kò ní ju ìwé kíláàsì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí nǹkan, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó gba páálí àkọ́kọ́.

Nílé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, páálí ìwé mọ́kànlá dé láti òkè òkun. A jó, a yọ̀, a ya fọ́tò. Ọ̀gá wa ní kí a kó wọn sínú yàrá kan, kí àwọn ọmọ má baà fi ọwọ́ ìdọ̀tí bà wọ́n jẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ. Odidi ọdún méjì kọjá kí a tó já ilẹ̀kùn yẹn. Mo na ọwọ́ sí páálí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ mi sì wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tọwọ́ bọ ògiri alámọ̀ tí òjò ti pa. Ikán ti sọ ọ́ di erùpẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn ìwé kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù níbẹ̀, àwòrán pẹ́pẹ́yẹ tó dé fìlà ló wà lára rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tó ṣí ìwé yẹn rí. Èmi náà wà níbẹ̀ fún ọdún méjèèjì, n kò sì bèèrè kọ́kọ́rọ́. Ó ń dùn mí dòní.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọdé, tí kò ní í sí lóko nígbà tí ilé ìwé bá jáde. Ẹ máa fún un lówó lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ. Àwọn African Library Project tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2005 mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nǹkan bí 1,000 ìwé ni wọ́n ń kó jọ fún ilé ìkàwé kan, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ gbà á ni yóò pèsè yàrá, pẹpẹ ìwé àti ẹni tí yóò máa bójú tó o. Ẹ̀yin náà, ẹ bi wá bẹ́ẹ̀. Ìlú tí kò bá lè pèsè yàrá, ẹ fo ibẹ̀ kọjá, ì báà jẹ́ ìlú tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gba gbogbo ohun tí wọ́n bá nà sí yín. Ọmọ-ọmọ mi gbé ìwé máàpù kan wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bùn òkè òkun ni. Ó ń fi ìka wá Kogi káàkiri, kò rí i. Inú Kwara ni wọ́n fi Kàbbà sí, torí wọ́n ti tẹ ìwé náà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé àwa ò sí ni?" Book Aid International ti Ìlú Ọba, ìwé àlòkù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ìwé tuntun nìkan ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ báyìí. N kò ní kí ẹ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tó gbó díẹ̀ ṣì dára. Ṣùgbọ́n èyí tó ti bu, tí ojú ewé rẹ̀ ti já, tí ẹ kò lè fún ọmọ tiyín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé wúwo, iye kan náà sì ni ẹ ó san lórí èyí tó dára àti èyí tí kò dára, títí dé Apápá.

Ẹ yọ nínú owó ọkọ̀ ojú omi yẹn, kí ẹ fi ra ìwé Yorùbá ní Ìbàdàn. Ìwé ABD ni bàbá mi fi kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn tó ti dàgbà. Kò pẹ́ tó fi ń ka Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ parí ní 1884, torí pé ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ nílé ló ń bá pàdé nínú ìwé. Ìtàn yìnyín dùn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kí ìtàn ìjàpá náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa mú ìwé lọ sílé, kí orúkọ wọn àti ọjọ́ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá dà sí i, kí ẹnikẹ́ni má na ọmọ nítorí rẹ̀. Ní ti ikán, kí pẹpẹ má fara kan ògiri, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú kun ẹsẹ̀ rẹ̀. Káfíńtà mọ̀ ọ́n ṣe.

Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìlú wa. Mo ti wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 14 ní gígùn, 12 ní ìbú, fèrèsé méjì, páànù rẹ̀ kò jò. Obìnrin kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ti gbà láti máa ṣí i láti aago méjì sí aago márùn-ún. Ó fẹ́ mọ iye tí ẹ ó máa san fún un. Ẹ fún un lésì kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni bàbá yín,
tíṣà àná, Ìjùmú.