Lẹ́tà sí Màmá Iléṣà, nítorí apá òsì orí mi

Màmá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ọ̀hún ti di ọdún mẹ́rin.

Sátidé tó kọjá la palẹ̀ yàrá yín mọ́. Àwọn Bọ̀ọ̀dá ní àwọn fẹ́ fi háyà, orúnkún ò jẹ́ kí Mummy lè wá, ni èmi nìkan bá wọkọ̀ láti Ifẹ̀, òjò ká wa mọ́ Òṣú, ìgbà tí mo fi máa débẹ̀ wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì síta. Àpótí pákó yẹn ni wọ́n ní kí n yẹ̀ wò. Ike àdín tó ti gbẹ, òwú dúdú mẹ́ta láti ọjà Àtàkúmọ̀sà tí ẹ ò tíì tú, àti ìlàrun yín. Irun kan ṣoṣo, funfun báláú, há sáàárín eyín ẹ̀ méjì, ó ká bíi sípíríǹgì inú báírò. Mo fi èékánná fà á, ó nà títí ó fi gùn tó ìka mi, mo jù ú sílẹ̀, ó tún ká padà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń pè mí níta, mi ò dáhùn.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé orí mi kì í ṣe ìlú kan. Tiwájú rọ̀, tìpàkọ́ ká mọ́ra wọn bí ẹni ń jìjàkadì. Mo ń kà á lórí fóònù báyìí pé Andre Walker, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe irun Oprah, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n wọn, ló fi nọ́ńbà sí irun, 1 ni èyí tó nà tọ́ọ́rọ́, 2 ń rú bí omi, 3 ká, 4 wá ká gan-an bíi tiwa, àwọn èèyàn tún fi 4C, èyí tó ká mọ́ra jù lọ, kún un lẹ́yìn. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ò lo nọ́ńbà kankan. Ẹ á wọ́n omi sí i, ẹ á wò ó, ẹ á ní "èyí ń mumi," tàbí "èyí ò mumi, omi kàn jókòó lé e lórí ni," ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tí ẹ máa fi pa á. Ọmọ ìyá aláṣọ tí irun ẹ̀ rí bíi ti Fúlàní, ẹ kì í jẹ́ kí òrí kàn án rárá, ẹ ní á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀kán àdín méjì ti tó o. Tèmi, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló kọ́kọ́ ń wọlé kí òrí tó tẹ̀ lé e, torí òrí kì í ṣe omi, ńṣe ló ń sé omi mọ́nú kó má sá lọ, ẹni tó bá fi òrí lé irun gbígbẹ, ọ̀gbẹlẹ̀ ló tìlẹ̀kùn mọ́nú ilé. Ẹ kì í sì í yà á láti ìdí. Láti ṣóńṣó ni, díẹ̀díẹ̀, títí ìlàrun á fi dé awọ orí. Gbogbo èyí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn máa dùn mí títí dòní.

Mo wà ní prámárì fáìfù. Ọjọ́ kejì ni ìkórè. Ẹ jókòó sórí àpótí, mo wà lórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ yín, ẹ ń fi òwú kó onílé gogoro fún mi, torí òwú á na irun láìjẹ́ pé iná kàn án. Ẹ ti kó ọ̀tún tán. Mummy wọlé, ẹ̀yin méjèèjì sọ nǹkan kan ní Ìjẹ̀ṣà wéré, mi ò gbọ́ ju "owó" lọ, ẹ wá gbé ìlàrun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹ dìde, ẹ wọ yàrá, ẹ tìlẹ̀kùn. Mo rò pé ẹ fẹ́ mu omi ni. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi tan àtùpà. Ọ̀tún mi dúró ṣánṣán bí òpó, òsì mi rí wúruwùru, mi ò sì fẹ́ dìde torí mo rò pé tí ẹ bá jáde tí ẹ ò bá mi níbẹ̀ ẹ máa ní mi ò ṣe mọ́.

Ẹ ò jáde.

Kùtù ọjọ́ kejì Mummy tú ti ọ̀tún, ó di sálúùnù kan kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀. Rílásà. Mo ní ó ń ta mí, wọ́n ní kí n mú un mọ́ra. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹbí kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ló wà nínú ẹ̀, òmíì gan-an kọ́sítíìkì náà ni, ohun tó ń mú irun ká ló ń já, tó bá sì ti já, irun yẹn ò ní ká mọ́, àfi èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí kì í ju nǹkan bíi 1 cm lọ lóṣù. Egbò wà ní ìpàkọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ fọwọ́ kan orí mi, ẹ ní "ó ti rọ̀," ẹ wọ kíṣíìnì. Ẹ ò ṣe orí mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ ń ṣe ti gbogbo ọmọ àdúgbò, mo ń rí wọn, ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀. Kí ni mo ṣe? Tí ẹ̀yin àti Mummy bá ń jà nítorí owó, ṣé orí tèmi lowó ọ̀hún wà ni?

Màmá, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ pariwo. Ó rẹ̀ mí ni. Rílásà yẹn ló di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, lẹ́yìn ẹ̀ atáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n á fà títí ojú mi á fi le, lẹ́yìn ẹ̀ wíìgì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ẹ̀bátí mi méjèèjì ti ń dán. Dọ́kítà ní tó bá jẹ́ pé mo tètè dáwọ́ fífà dúró, ì bá hù padà, àmọ́ níbi tí àpá bá ti bo ojú ihò irun, ó tán nìyẹn. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Gèlè ni mo fi ń sùn, ó rò pé mò ń tọ́jú irun. Òun náà ò béèrè, fóònù ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ títí di aago méjìlá òru, owó ilé-ìwé táàmù yìí ò tíì jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ọmọ mi ti pé ọdún méje. Ìlú méjì yẹn náà ló wà lórí ẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá rí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń ya ìpàkọ́ ẹ̀, mo ní "irun rẹ yìí ń ṣẹ́ òòyà o," eré ni mo fi ṣe, àmọ́ ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí ẹ̀. Látìgbà náà ló ti ń béèrè rílásà.

Ọ̀la ni ilé-ìwé. Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú abọ́, mo ti pín orí ẹ̀ sí mẹ́fà, kọndíṣọ́nà wà nílẹ̀. Ìlàrun yín ló yẹ kí n lò, eyín ẹ̀ fẹ̀, kì í já irun bíi ti rọ́bà. Àmọ́ tí mo bá tì í bọ omi, irun funfun yẹn á lọ. Mo ti wé e padà sínú nylon bó ṣe wà, mo mú ti rọ́bà.

Àjọkẹ́ yín ni.