Lẹ́tà sí Bọ̀dé lórí òpin ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Yorkshire

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé físà ti jáde, inú mi dùn dé gongo. Bí o bá ti lè dé kí oṣù kọkànlá tó pé ìdajì, a jọ máa lọ sí òpin ọ̀sẹ̀ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè tí wọ́n sì ń wọ ihò ilẹ̀. O béèrè bóyá ìwọ tó o mọ òkè Ìdànrè bí ẹni mọ owó á lè ṣe é. Wàá ṣe é dáadáa. Àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìdànrè, ìyàtọ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ kó kọ́kọ́ yé ọ.

Gíránáìtì ni òkúta Ìdànrè. Orí rẹ̀ ni òjò ń ṣàn gbà, kò ráyè wọ inú rẹ̀. Òkúta Yorkshire Dales, agbègbè tí a ń lọ, ní tirẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń wà ní Éwékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Òjò tó bá ti fa kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáídì mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ máa ń jẹ òkúta yìí díẹ̀díẹ̀, á la àwọn ibi tó sán nínú rẹ̀ fẹ̀, títí odò á fi rí ọ̀nà gbà lábẹ́ ilẹ̀. Ihò tí a máa wọ̀ yẹn, ọ̀nà omi ni. Ọ̀rọ̀ omi yìí ni gbogbo ètò wa dúró lé, títí kan aago tí a máa jẹun alẹ́.

Alẹ́ Fúráìdè la máa dé. Ọkọ̀ ojú irin láti Leeds sí Horton-in-Ribblesdale lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ní ilé ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀kan wà lókè, tí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ló wà, tìmùtìmù wà lórí wọn. Àpò ìsùn, pílò àti sílípáàsì ni kí o gbé dání. Bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tútù, yàrá ìsáṣọ ni, kì í wọ yàrá ìsùn rárá, torí yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń mí nínú rẹ̀ ti ní ọ̀rinrin tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá tún sá aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, àpò ìsùn gbogbo yín á rin kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni iṣẹ́ gidi. Àwọn tó mọ okùn lò á lọ sí àwọn ihò jíjìn. Ìwọ àti àwọn àlejò yòókù á bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ sí Long Churn, nítòsí Selside, lẹ́yìn tí a bá ti gbàyè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀. Òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, bí 8°C ni inú ihò máa ń wà, omi rẹ̀ á sì dé orúnkún rẹ, nígbà míì ó lè mù ọ́ dé ìbàdí. Nítorí náà má wọ jíǹsì, má wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú. Òwú ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ó sì ń fa ooru kúrò lára. Wúùlù tàbí fleece, aṣọ onírun rírọ̀ tí kì í ṣe òwú, ni kí o wọ̀ sábẹ́. Ẹgbẹ́ á yá ọ ní aṣọ òkè tó nípọn, akoto àti iná orí. Rénbúùtù la ń wọ̀, torí pé ìkọ́ bàtà olókùn máa ń há sára àkàbà okùn. Iná méjì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí bátìrì méjèèjì kún. Iná ẹyọ kan kò tó, nítorí ẹni tí iná rẹ̀ bá kú lábẹ́ ilẹ̀ kò lè rí ọ̀nà jáde rárá.

Ibì kan wà nínú Lower Long Churn tí wọ́n ń pè ní Cheese Press. Òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ nílẹ̀, ìwọ á sì fàyà fà láàárín wọn. Bí kò bá wù ọ́, ọ̀nà mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa dá ọ lẹ́jọ́. A ó yí padà ní Dolly Tubs, torí ibẹ̀ ni ọ̀gbun tó já sínú Alum Pot, ihò ńlá kan tó jìn, ti bẹ̀rẹ̀, okùn la sì fi ń kọjá ibẹ̀.

Bí wọ́n bá sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò ńlá, tàbí tí ilẹ̀ bá ti mumi yó láti ọjọ́ mélòó kan, a kò ní wọ̀ ọ́, bó ti wù kí àlejò ti ọ̀nà jíjìn wá tó. Kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ sẹ́nu ihò; èyí tó rọ̀ sórí òkè ni odò máa gbé wọlé. Ní June 24, 1967, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà kú sínú Mossdale Caverns, ihò kan ní Yorkshire níbẹ̀, nígbà tí omi kún bá wọn níbẹ̀, inú ihò náà sì ni wọ́n wà títí dòní. Bí o bá rí i tí omi yí àwọ̀ padà, tí ìfófòó bo ojú rẹ̀, tàbí tí ariwo rẹ̀ ròkè, kígbe sí aṣáájú lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀nà ìjáde bá ṣì ṣí, ẹ jáde. Bí kò bá ṣí mọ́, ẹ gun ibi tó ga jù, kí ẹ sún mọ́ ara yín, kí ẹ dúró de omi kó fà.

Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́. Kí a tó jáde, a ó kọ orúkọ gbogbo wa síbẹ̀, orúkọ ihò, nọ́ńbà ọkọ̀, aago tí a retí láti jáde, àti aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ pe olùrànlọ́wọ́ bí wọn kò bá rí wa. Bí a bá retí aago méjì, a lè kọ aago mẹ́rin sí ti ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ pátákó kì í mutí. Bí aago yẹn bá lù, 999 ni yóò pè, á bèèrè ọlọ́pàá, á sì ní òun fẹ́ àwọn agbanilà inú ihò. Cave Rescue Organisation ní abúlé Clapham ni wọ́n máa ké sí. Ọdún 1935 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn tó sì ń ṣe é kì í gbowó. Ṣe o wá rí ìdí tí oúnjẹ alẹ́ fi di aago méje ààbọ̀? Aago méje ni aago ìrànlọ́wọ́ tó kẹ́yìn lára pátákó. Títí a ó fi pa orúkọ gbogbo rẹ́, a kì í ṣí ọtí, a kì í sì í bu oúnjẹ.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni tèmi nínú àsè náà. Èèyàn 30, gíráàmù 100 ìrẹsì tútù fún ẹnì kan, kílò 3 nìyẹn. Iná gáàsì ibẹ̀ kéré sí ìkòkò àsè: bí o bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, ìsàlẹ̀ á jóná, òkè á ṣì le. Ìkòkò méjì ni kí a pín in sí, kí a má fi ẹran sí ọ̀kan torí àwọn tí kì í jẹran. Bá mi gbé ata gígún wá. Má gbé kìlíṣí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ ní pápákọ̀ òfurufú.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n máa gbé àpótí ìfúnra jáde, ìyẹn ni mo sì fẹ́ràn jù. Pákó méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èèyàn á sì fàyà fà gba àárín wọn. Yí orí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, na apá kan síwájú, fi ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, mí èémí jáde, fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ara rẹ. Bí àyà bá há, má jà. Ẹni tó bá ń jà á máa mí gúlegúle, àyà rẹ̀ á sì tún wú sí i. Dúró, mí jáde jẹ́jẹ́, padà sẹ́yìn. Èèyàn méjì gbọ́dọ̀ dúró ti nọ́ọ̀tì láti tú u kíá. Ibẹ̀ lo ti máa mọ bí ara rẹ ṣe tóbi tó, kó tó di pé òkúta ló sọ fún ọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ó gun Ingleborough, 723 mítà, láti Clapham. Àlọ àtàbọ̀ tó bíi kìlómítà 15. Wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a fi wákàtí kan kún un fún bíi 600 mítà tí a máa gùn lọ sókè: bíi wákàtí mẹ́rin, láìka ìsinmi. Ilẹ̀ máa ń ṣú ní bí aago mẹ́rin lóṣù yẹn, nítorí náà aago mẹ́sàn-án la máa gbéra. A ó kọjá lẹ́bàá Gaping Gill, níbi tí odò Fell Beck ti já bọ́ sínú ihò tó jìn tó bíi mítà 98. Má sún mọ́ etí rẹ̀, koríko ibẹ̀ ń yọ̀. Ará Faransé kan, Édouard-Alfred Martel, ló kọ́kọ́ fi àkàbà okùn sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1895. Lóṣù May àti August, ẹgbẹ́ méjì tó ń wọ ihò, Bradford Pothole Club àti Craven Pothole Club, máa ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níbẹ̀ tó ń fi àga sọ èèyàn kalẹ̀. Bí o bá tún padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó lọ.

Orí òkè náà tẹ́ bí pápá. Bí kùrukùru bá bò ó, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tiwọn sọ̀kalẹ̀. Ibi ògiri òkúta tí wọ́n mọ fún ìsádi ni kí o ti gbé kọ́ńpáàsì lé OL2, máàpù agbègbè yẹn, kí o tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà a ó fọ okùn kí a tó túká. Iyanrìn tó bá kù sínú rẹ̀ ń gé fọ́nrán rẹ̀. Omi lásán la fi ń fọ̀ ọ́, abẹ́ òjìji la sì ń sá a sí, torí oòrùn ń sọ náílọ́ọ̀nù di aláìlágbára.

Fi nọ́ńbà bàtà rẹ àti bí o ṣe ga tó ránṣẹ́ sí mi kí oṣù tó parí, torí rénbúùtù ńlá kò pọ̀ nínú ẹrù ẹgbẹ́, ẹni tó bá tètè sọ ló ń rí mú. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fẹ́mi