Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín ń gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà kan, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí o ti rí i. Mo bi ọ́ ta lo sọ fún. O ní, "Ta ni mo jẹ́ tí màá fi máa tọ́ka àṣìṣe sí ọ̀gá?" Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ó ṣe èmi náà rí. Níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Mo ka páálí tó wà nílẹ̀, ó jẹ́ 46. 64 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Mo fi pẹ́ńsùlù fa ilà tín-ín-rín sábẹ́ 64 yẹn, mo pa ìwé dé. Ohun tí mò ń retí ni pé ẹlòmíì á rí ilà náà, á sì bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí. Nígbà tí oníbàárà wá béèrè ẹrù tí a ò ní, ẹni tó ṣi nọ́ńbà náà kọ ni wọ́n ń pè ní olè. Mo dúró níbẹ̀, mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo ń wo ilẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Má sì rò pé kí o kàn ta á létí díẹ̀ ti tó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Sípéènì, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì forí gbárí lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru. Ènìyàn 583 ló kú. Bí ọ̀kan ṣe ń sáré láti gbéra, onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ béèrè bóyá èkejì ò tíì kúrò lọ́nà ni. Ọ̀gá awakọ̀ ní ó ti kúrò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ o, àbúrò mi, àmọ́ ìbéèrè ló fi sọ ọ́, ó sì rọrùn fún ọ̀gá láti dá ìbéèrè lóhùn kó sì máa lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ láti sọ ohun tí wọ́n rí gbangba, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀gá láti gbọ́.

Nítorí náà, má ṣe béèrè "ṣé kò sí nǹkan?" lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Kí i dáadáa, kí o wá sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ń gba owó yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo ti rí i. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín." Bá a nìkan sọ ọ́, má sọ ọ́ lójú àwùjọ. Mi ò lè ṣèlérí pé inú rẹ̀ á dùn. Àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó mú ìròyìn burúkú wá ni wọ́n máa ń bá jà. Bí ó bá bínú, kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí o sì fi déètì sí i.

Àwọn tí owó wọn ń lọ yẹn ò mọ̀ pé o wà láyé. Ìwọ nìkan lo rí ohun tó ń ṣe wọ́n.

Tẹ ìwé owó méjì tó ní àṣìṣe náà jáde lálẹ́ yìí, kí o mú un dání lọ́la. Tí o bá ti jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, pè mí. Fóònù mi á wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ