Ìdílé Awakùsà Ni Wọ́n, Bàbá Mi

Dunedin, New Zealand

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí Mọ́mì àti gbogbo ará ilé. Ìgbà òtútù la wà níhìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa ní wọ́ọ̀dù wa.

Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan títí ẹ ó fi mọ irú ilé tí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi yìí ti jáde wá. Ẹ tún ní wọ́n ti sọ fún yín pé ọmọ awakùsà ni, àti pé àwọn awakùsà tí ẹ̀yin ń rí lẹ́bàá Iléṣà ni wọ́n da omi rú títí ó fi dé odò Ọ̀ṣun. Mo gbọ́, mo sì ti wádìí. Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó kà á, torí ó gùn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ alárenà tí wọ́n ti fi oyin sí.

Ọmọ Skọ́tíláǹdì ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pe ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó wà láàyè nínú wọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Gbogbo ìlú yìí ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Free Church of Scotland ló wá tẹ̀dó síbí ní 1848, wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi méjì dé, John Wickliffe àti Philip Laing. Ọwọ́ àwọn Ngāi Tahu, ẹ̀yà Māori tó ni ìhín, ni wọ́n ti ra ilẹ̀ náà ní 1844 ní pọ́n-ùn 2,400. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró sílé ẹjọ́ nítorí ilẹ̀ rí, ẹ mọ irú rírà bẹ́ẹ̀. Ère Robert Burns, akéwì wọn, wà láàárín ìgboro. Wọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjú sí ilé ọtí. Ṣùgbọ́n bàbá ńlá àwọn tí ẹ ń wádìí kò bá àwọn onísìn yẹn wá. Wúrà ló gbé e wá.

Àfonífojì Strathnaver ní Sutherland, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá Skọ́tíláǹdì, ni orírun wọn. Wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin màlúù, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé olóyè tó ni ilẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ rí i pé owó àgùntàn pọ̀ ju ìṣákọ́lẹ̀ tálákà lọ. Ní 1814, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1819, wọ́n lé àwọn èèyàn náà jáde, wọ́n sì ti iná bọ òrùlé kí onílé má baà padà wọlé. Patrick Sellar, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú onílẹ̀, jẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1816, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ọmọdé ni ìyá bàbá ńlá awakùsà yìí nígbà tí wọ́n lé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Bettyhill létí òkun. Ilẹ̀ olókùúta ni. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ wá di apẹja, ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá náà sí ní 1835. Ní 1846, àrùn jẹ pòtétò run jákèjádò ẹkùn náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni oúnjẹ tálákà. Ní 1857, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Melbourne ní Ọsirélíà, ìrìn bí oṣù mẹ́ta lórí omi. Wọ́n ti ń wa wúrà ní Ballarat àti Bendigo láti 1851. Àwọn tó tètè dé ti kó èyí tó wà lókè ilẹ̀ lọ. Ó gba iṣẹ́ àgbàṣe, ó ń wa kòtò fún ẹlòmíràn.

Ní May 1861, Gabriel Read rí wúrà ní Otago níhìn-ín, nínú àfonífojì kékeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Ìjọba ẹkùn fún un ní ẹ̀bùn pọ́n-ùn 1,000. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: ọmọ Íńdíà kan, Edward Peters, ti ń rí wúrà ní agbègbè náà ṣáájú rẹ̀, ìró rẹ̀ sì wà lára ohun tí Read gbọ́ tó fi wá síbẹ̀. Ìgbà tí Peters darúgbó tán ni wọ́n tó wá nǹkan táṣẹ́rẹ́ fún un. Mo ní kí n sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé òyìnbó nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ Māori kan pẹ̀lú, Jack Tewa, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí wúrà odò Arrow ní 1862.

Bàbá wa yìí sọdá òkun láti Ọsirélíà pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn awakùsà bíi tirẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ kò ju dígà, ṣọ́bìrì, abọ́ irin pẹrẹsẹ, àti àpótí onígi kan tí wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń sẹ́ ògì: iyanrìn á bá omi lọ, wúrà tó wúwo á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Áúǹsì kan kò tó pọ́n-ùn mẹ́rin. Ní August 1862, àwọn méjì kan, Hartley àti Reilly, gbé wúrà tó ju 30 kílò lọ wá sí Dunedin láti etí odò Clutha, ni gbogbo ayé bá rọ́ gba ibẹ̀. Òun náà lọ. Àwọn òkè ibẹ̀ gbẹ, kò sí igi tí wọ́n ó fi dáná. Ní July 1863 àwọn odò kún lóru, wọ́n gbé àgọ́ àti èèyàn lọ. Kí wọ́n tó sin òkú tán, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó di ọ̀nà lórí òkè, ebi àti òtútù sì tún pa àwọn mìíràn sí i.

Kò fọ́jú, kò rọ, kò sì lówó. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ẹbí nínú gbogbo ọdún yẹn ni lẹ́tà kan tí wọ́n fi há Bíbélì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Bettyhill ní èdè Gaelic, èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò gbọ́ mọ́. Ìgbà tí wọ́n rí ẹni bá wọn kà á ni wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá kò mọ̀wé, olùkọ́ ìjọ ló bá a kọ ọ́. Ó ní owó ti dé, àwọn ti fi ra màlúù kan, màlúù náà ti bí abo. Ó ní àbúrò rẹ̀ obìnrin ti lọ́kọ. Ó ní ìgbà wo ló máa wálé? Bàbá náà kò wálé mọ́ títí ó fi kú. Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo dìde, mo lọ gbé omi tíì kaná.

Nígbà tí wúrà odò tán, ó lọ sí St Bathans, níbi tí wọ́n ti ń fi páìpù tu omi alágbára sí òkè títí òkè fi wó. Òkè Kildare tó wà níbẹ̀ ti di adágún omi báyìí. Ní 1934 ni wọ́n ṣíwọ́, torí iṣẹ́ náà ti fẹ́ gbé ìlú mì. Òun àti àwọn kan dáwó jọ láti wa ọ̀nà omi tiwọn. Ó wọ gbèsè. Mi ò fi pamọ́ fún yín. Ọdún púpọ̀ ló fi san án, ó ń rẹ́ irun àgùntàn fún olówó. Àgùntàn, Bàbá mi! Àgùntàn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

Ó fẹ́ ọmọ Ireland tó ń ṣe Kátólíìkì, òun sì jẹ́ Presbyterian. Àwọn ọmọkùnrin tẹ̀lé bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin tẹ̀lé ìyá.

Ní ti ìwà: ní 1898 ìjọba ibí ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún arúgbó, pọ́n-ùn 18 lọ́dún, fún ẹni ọdún 65 sókè tó ti gbé ìlú fún ọdún 25, tí wọ́n sì jẹ́rìí pé oníwà rere ni. Iwájú adájọ́ ni wọ́n ti ń bi ọ́ léèrè. Wọ́n fún un. Ó ṣe tán, ẹ̀rí ilé ẹjọ́ ju ẹ̀rí ẹnu aládùúgbò lọ.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ àwọn ará Ṣáínà sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Dunedin ló pè wọ́n wá wa wúrà ní 1865. Ní 1881 wọ́n bu owó orí pọ́n-ùn 10 lé ẹni tuntun, ní 1896 ó di 100. Ìgbà tó di 2002 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì. Orúkọ bàbá wa wà nínú ìwé tí àwọn awakùsà fọwọ́ sí pé kí wọ́n má jẹ́ kí ará Ṣáínà kankan wọlé mọ́. Èyí ló dùn mí jù gbèsè lọ.

Àìsàn ńkọ́? Láti 1876, ìwé ikú níhìn-ín a máa sọ orúkọ bàbá àti ìyá òkú, ibi tí wọ́n bí i sí àti ohun tó pa á. Mo ka tìran dé ìran: ọkàn, ọjọ́ ogbó, ẹnì kan bómi lọ, ẹnì kan kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ní Passchendaele ní Belgium, ní October 1917. Kò sí wèrè, kò sí wárápá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá àgbà wọn, tó ń tọ́jú gbogbo ìwé wọ̀nyí, ti kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wá fi àyè sílẹ̀ lókè tèmi fún àwọn bàbá ńlá wa. Òun náà ń wádìí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti Ìyá Àgbà tiwa, kí wọ́n ki oríkì ilé wa, kí ẹ gbà á sórí fóònù. Ẹ bi wọ́n pé ìlú wo ni Bàbá Àgbà ti ṣe òṣómàáló kẹ́yìn, àti bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ní ìyàwó kan níbẹ̀ tí a kì í dárúkọ. Ìyá àgbà tiwọn sọ ti gbèsè fún mi, ó sọ ti ìwé àwọn ará Ṣáínà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ohun tó mọ́ nìkan ni màá gbé lọ bá a.

Ẹ má fi sí orí gúrúùpù ẹbí o. Èmi nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́ yín.